Adìẹ Ń Làágùn: Adìẹ Ìbílẹ̀ Ilẹ̀ Yorùbá, Orúkọ Rẹ̀ àti Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Dáàbò Bò Ó

Àṣamọ̀

Pépà yìí yẹ adìẹ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá wò gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀sìn tí ó ń pèsè ẹyin àti ẹran pọ̀, pàápàá àwọn oríṣìí tí ó ti ń ṣọ̀wọ́n: òpìpì, aṣa àti abólọ́rùn. A ṣàlàyé ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ nípa ìyẹ́ wọn àti ooru, a tọ́ka sí àwọn ohun tí ó ń mú wọn dínkù, a sì gbé ìgbìyànjú àwọn onímọ̀ ní Abẹ́òkúta, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé títún adìẹ ìbílẹ̀ ṣe àti dídáàbò bò ó kì í ṣe ohun kan náà. A sì gbà pé orúkọ tí àwọn baba wa fún àwọn adìẹ wọ̀nyí jẹ́ àkọsílẹ̀ ìmọ̀ tí olùkọ́ èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun.

1.0 Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba ìgboro Ìdí-Àràbà kọjá ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó dí ojú ọ̀nà pa, lè ṣe kòńgẹ́ àgbébọ̀ kan tí ó ń kó ọmọ rẹ̀ jẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Àdúgbò yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń rán wa létí igi àràbà, ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ilé fún pọ̀ níbẹ̀, koríko kò tó nǹkan, oòrùn sì máa ń mú lórí páànù àti ọ̀dà. Adìẹ tí ó lè wá oúnjẹ ara rẹ̀ ní irú ibẹ̀, tí ó ń yé, tí ó ń sàba, tí ó sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ra àpò oúnjẹ fún un, kì í ṣe adìẹ àgíríìkì. Adìẹ ìbílẹ̀ ni.

Inú kíláàsì ni ìbéèrè tí ó bí pépà yìí ti wáyé. Nígbà tí a bá ń kọ́ni ní òwe, tí a sì kan òwe tí òpìpì wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ òwe náà tí kò mọ adìẹ náà. Àwọn kan rò pé òpìpì jẹ́ adìẹ tí àìsàn ń ṣe. Àwọn mìíràn rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìran adìẹ tí ó ṣì wà láàyè ni òpìpì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lẹ́nu ènìyàn, ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún lè kúrò nílé láìsí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ adìẹ yìí kan olùkọ́ èdè gẹ́gẹ́ bí ó ti kan olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn.

2.0 Orísun Adìẹ Ìbílẹ̀

Àwọn onímọ̀ gbà pé láti ara ẹyẹ igbó pupa tí ó wà ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni adìẹ ilé ti ṣẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé egungun adìẹ ilé tí ó tíì dájú jù lọ wá láti Ban Non Wat ní ilẹ̀ Thailand, ní nǹkan bí ọdún 1650 sí 1250 kí a tó bí Jésù. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a ti rí egungun adìẹ ní ìlú àtijọ́ Jenne-jeno ní ilẹ̀ Mali, ní apá ìkẹyìn ẹgbẹ̀rún ọdún kìn-ín-ní lẹ́yìn ikú Jésù. Nítorí náà, àlejò ni adìẹ jẹ́ ní ilẹ̀ wa ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti di onílé.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí adìẹ ìbílẹ̀ 232 láti àwọn agbègbè orísìírísìí ní Nàìjíríà. Apá àbùdá tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ ìyá nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé adìẹ agbègbè kan kò yàtọ̀ sí ti èkejì ní ọ̀nà tí a lè fi pààlà sí i, àti pé ìran ìyá wọn tọ́ka sí apá ilẹ̀ Íńdíà. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo adìẹ ìbílẹ̀ rí bákan náà. Àwọn olùwádìí máa ń ya adìẹ Fúlàní, tí ó tóbi díẹ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára adìẹ Yorùbá, tí ó kéré tí ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ohun tí a rí dì mú ni pé adìẹ wa kò ní ìwé ìran bí ti àwọn adìẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbùdá tí ó hàn lára rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe bá ilẹ̀ yìí mu ni ìwé ìran rẹ̀.

Àwọn Yorùbá pẹ̀lú ní ìtàn tiwọn. Ìtàn ìṣẹ̀dá ayé ní Ilé-Ifẹ̀ sọ nípa adìẹ ọlọ́mọ-ìka-márùn-ún tí ó tan erùpẹ̀ ká orí omi títí ó fi di ilẹ̀. Ìka mẹ́rin ni adìẹ púpọ̀ ní ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá wo ẹsẹ̀ adìẹ dáadáa kò lè mọ̀ pé márùn-ún jẹ́ ohun àrà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé adìẹ onírú ìka bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ìyípadà kékeré kan nínú àbùdá ni ó ń fà á, ó sì jẹ́ àmì ìdánimọ̀ fún ìran adìẹ Dorking ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Silkie ní ilẹ̀ Ṣáínà. Kì í ṣe pé a ń fi sáyẹ́ǹsì jẹ́rìí sí ìtàn o. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé àwọn tí ó sọ ìtàn náà mọ adìẹ, wọ́n sì ń kíyè sí i.

3.0 Orúkọ Gẹ́gẹ́ bí Àkọsílẹ̀

Àkíyèsí yìí náà ni ó hàn nínú orúkọ tí a fún àwọn oríṣìí adìẹ. Mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà níhìn-ín.

(i) Òpìpì: èyí ni adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, pàápàá ìyẹ́ apá, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè fò. Nínú òwe, òun ni àpẹẹrẹ ẹni tí kò ní ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní.

(ii) Aṣa: èyí ni adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, tí kò lẹ̀ mọ́ ara bí ti adìẹ yòókù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé atẹ́gùn ni ó fẹ́ ẹ níyẹ̀ẹ́ tàbí pé òjò pa á.

(iii) Abólọ́rùn: èyí ni adìẹ tí ọrùn rẹ̀ bó, tí kò sí ìyẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pa á. Àwọ̀ ọrùn rẹ̀ sábà máa ń pọ́n bí ó bá ti dàgbà tí oòrùn sì ń pa á.

Ìwádìí sáyẹ́ǹsì kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó fi ṣàlàyé ohun tí ó wà lẹ́yìn méjì nínú orúkọ wọ̀nyí. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ tí púpọ̀ nínú wọn wà ní Roslin Institute ní Edinburgh ṣàlàyé pé ìyípadà kan nínú àbùdá ni ó ń mú kí èròjà tí a ń pè ní BMP12 pọ̀ jù lára abólọ́rùn, tí ìyẹ́ kò fi hù sí i lọ́rùn. Ní ọdún 2012, àwọn mìíràn rí i pé ìyípadà nínú jíìnì KRT75, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn apilẹ̀ àbùdá tí ń ṣètò bí ìyẹ́ ṣe ń le, ni ó ń mú ìyẹ́ ká. Àwọn ará ilé wa kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo jíìnì. Síbẹ̀, wọ́n ti ya àwọn adìẹ wọ̀nyí sọ́tọ̀, wọ́n ti fún wọn ní orúkọ, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ a máa jọ òbí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀sìn ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí adìẹ ìbílẹ̀, àwọn orúkọ Yorùbá wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ sínú ìwé wọn. A lè sọ pé orúkọ ni ó mú onímọ̀ dé ọ̀dọ̀ adìẹ.

4.0 Adìẹ Ń Làágùn

Àwọn àgbà a máa sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ohun tí òwe náà ń kọ́ wa ni pé ẹni tí ara ń ni lè máà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo apá kejì rẹ̀. Ní òtítọ́, adìẹ kò ní ihò òógùn lára. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ẹnu yíyà ni ó fi ń lé ooru jáde, àti nípa ibi tí ìyẹ́ kò bò lára rẹ̀, bí ogbe orí àti ẹsẹ̀. Òwe náà ṣì tọ̀nà ní ibi tí ó ṣe pàtàkì: ìyẹ́ ni ó wà láàárín adìẹ àti ìtura.

Ara adìẹ a máa gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 41 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwọ̀n ooru tí ó rọ adìẹ tí ó ti dàgbà lọ́rùn jù lọ wà láàárín 18 sí 24, bẹ́ẹ̀ ni ooru ọ̀sán ní Èkó a sábà máa kọjá 30 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ooru bá mú adìẹ, kò ní jẹun dáadáa. Bí kò bá jẹun, kò ní tóbi, ẹyin rẹ̀ yóò sì dínkù. Mímí hẹlẹhẹlẹ náà a tún máa da ìwọ̀n èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rú, èyí tí ó ń mú èèpo ẹyin fẹ́lẹ́.

Níbí ni abólọ́rùn ti ń jàǹfààní. Abólọ́rùn tí ó jogún àbùdá yìí lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo a máa ní ìyẹ́ tí ó fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti adìẹ lásán. Èyí tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì a máa fi nǹkan bí ìdá 40 dín. Ìyẹ́ tí ó dín yìí ń jẹ́ kí ooru jáde, oúnjẹ tí ara ìbá fi hu ìyẹ́ sì lè lọ sí ẹran àti ẹyin. Aṣa pẹ̀lú ń jàǹfààní, nítorí pé ìyẹ́ tí ó ká sókè ń jẹ́ kí atẹ́gùn kan ara.

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ni èrè. Aṣa tí ó jogún àbùdá náà lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ìyẹ́ rẹ̀ a máa ká jù, a sì máa ṣẹ́, tí ara rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ìwádìí tún ti fi hàn pé ẹyin abólọ́rùn tí ó jogún lọ́dọ̀ òbí méjèèjì kì í pa tó ti àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sin wọ́n yóò máa fi akùkọ aṣa tàbí akùkọ abólọ́rùn gun àgbébọ̀ oníyẹ̀ẹ́ lásán. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní pàdánù àbùdá náà, kò sì ní jẹ ìyà rẹ̀.

5.0 Ẹyin àti Ẹran Lára Adìẹ Kan

Adìẹ ìbílẹ̀ kò ṣe ẹ̀kan, kó fi ìkejì sílẹ̀. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ tí ó ń jẹ̀ kiri a máa yé nǹkan bí ẹyin 30 sí 50 lọ́dún, nígbà tí adìẹ àgíríìkì aláyé lè yé tó 300. Ẹni tí ó bá wo iye yìí nìkan yóò rò pé ọ̀lẹ ni adìẹ wa. Àmọ́ àgbébọ̀ ìbílẹ̀ yé, ó sàba fún ọjọ́ 21, ó sì tọ́ òròmọdìẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ó fi ń ṣe ìyá ni kò fi yé. Adìẹ àgíríìkì kò mọ ìyá ṣe mọ́, nítorí pé àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ti yọ sísàba kúrò lára rẹ̀ kí ó lè máa yé láìdúró.

Lọ́nà kejì, akùkọ ìbílẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó tóbi. Adìẹ ẹlẹ́ran ti àgíríìkì lè wọn kílò méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Akùkọ ìbílẹ̀ yóò lò ju oṣù márùn-ún lọ kí ó tó wọn kílò kan tàbí díẹ̀ sí i. Síbẹ̀, ẹran rẹ̀ a máa le, a sì máa dùn lọ́bẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá a ní ọjà bí Ojúwòyè ní Múṣin, pàápàá nígbà ọdún.

Ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù ni ti àtúnbí. Adìẹ àgíríìkì jẹ́ àdàlù ìran mélòó kan. Bí ẹnì kan bá pa ẹyin rẹ̀, ọmọ tí yóò jáde kò ní dà bí òbí rẹ̀. Olùsìn gbọ́dọ̀ padà lọ ra òròmọdìẹ ní gbogbo ìgbà, òbí àwọn òròmọdìẹ wọ̀nyí sì sábà máa ń ti òkè òkun wá. Bí owó oúnjẹ adìẹ bá gbówó lórí, tàbí tí ọ̀nà òkè òkun bá dí, ọwọ́ olùsìn yóò há. Adìẹ ìbílẹ̀ ni ó ń bí ara rẹ̀. Ìyá tí ó ní àgbébọ̀ méjì ní ẹ̀yìnkùlé ní ohun tí ó lè tà nígbà tí owó ilé ìwé bá dé tàbí tí ọmọ bá ń ṣàìsàn. A tún ní àṣà kí ènìyàn fi obí adìẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti sìn, kí wọ́n sì pín ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá bí. Báǹkì ni adìẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún àwọn tí kò ní báǹkì.

6.0 Ohun Tí Ó Ń Mú Wọn Dínkù

Àkọ́kọ́ ni àrùn lúkúlúkú. Àrùn yìí a máa dé pẹ̀lú ọyẹ́, ó sì lè pa gbogbo adìẹ agboolé kan láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá pa adìẹ lásán, a ó rí òmíràn rà. Bí ó bá pa abólọ́rùn kan ṣoṣo tí ó wà ní abúlé, àbùdá náà ti tán níbẹ̀. Àrùn mìíràn tún dé ní oṣù Kejì ọdún 2006, nígbà tí a kéde àrùn adìẹ H5N1 ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó kéde rẹ̀. Ó tún padà yọjú ní Èkó àti Kánò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015. Pípa tí a ń pa adìẹ láti dá irú àrùn bẹ́ẹ̀ dúró tọ́, ṣùgbọ́n kì í yan ìran tí ó ṣọ̀wọ́n sílẹ̀.

Èkejì ni àdàlù tí kò ní ètò. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni a ti ń pín akùkọ òkèèrè, bíi Rhode Island Red, fún àwọn ará abúlé ní ilẹ̀ Áfíríkà kí adìẹ wọn lè tóbi. Èrò rere ni, àmọ́ níbi púpọ̀ a kò ṣètò láti fi apá kan adìẹ ìbílẹ̀ sílẹ̀ láìdàlù. Lónìí, akùkọ àgíríìkì tí ó bá jáde kúrò nínú àgò tó láti da ìran adìẹ àdúgbò kan rú.

Ẹ̀kẹta ni ọjà. Akùkọ tí ó tóbi jù ni a ń kọ́kọ́ tà tàbí pa. Èyí tí ó kù láti gun àgbébọ̀ ni èyí tí kò tóbi tó láti tà. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ó dà bí ẹni tí ó ń jẹ àgbàdo tí ó yọmọ dáadáa tí ó sì ń gbin èyí tí kò yọmọ.

Ẹ̀kẹrin ni ojú tí a fi ń wo òpìpì, aṣa àti abólọ́rùn. Nítorí pé ìrísí wọn yàtọ̀, àwọn kan ka wọ́n sí adìẹ ètùtù nìkan. Ojú yìí a máa mú owó gọbọi wá fún ẹni tí ó ní wọn, ṣùgbọ́n owó náà ni kì í jẹ́ kí ó fi wọ́n sílẹ̀ láti bí. Àwọn ẹlòmíràn kò fẹ́ rí wọn nílé rárá, nítorí ohun tí aládùúgbò lè rò. Adìẹ tí ó gbọ́n jù láti bá ooru Èkó gbé ni a wá ń fura sí.

7.0 Ìgbìyànjú Láti Dáàbò Bò Wọ́n

Kì í ṣe pé a káwọ́ gbera. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ìdàgbàsókè adìẹ ìgbèríko ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. B. Sonaiya ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó ṣe kòkárí rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì gbòòrò di ti àgbáyé lẹ́yìn náà. Ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí NACGRAB ń mójú tó àbùdá irúgbìn àti ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ wa. Ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ọ̀sìn NVRI ń ṣe àjẹsára lúkúlúkú. Ọ̀kan nínú àjẹsára wọ̀nyí, I-2, kì í tètè bàjẹ́ nínú ooru, a sì lè kán an sí adìẹ lójú. Ó bá abúlé tí kò ní iná mànàmáná mu.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni FUNAAB Alpha. Ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí adìẹ ìbílẹ̀, títí kan aṣa àti abólọ́rùn. Adìẹ alánfààní-méjì tí wọ́n mú jáde ni ìjọba àpapọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018. Kí ó tó di ìgbà náà, ètò ACGG ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ẹtiópíà àti Tansaníà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn àgbáyé, ILRI. Ètò náà kó oríṣìí adìẹ mẹ́fà lọ sí ilé àwọn olùsìn ní Nàìjíríà: FUNAAB Alpha, Shika-Brown láti Ṣíkà lẹ́bàá Sáríà, Noiler láti Áwẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, adìẹ Fúlàní, Kuroiler láti Íńdíà, àti Sasso láti ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀kọ́ tí ó jáde níbẹ̀ ni pé kò sí èyí tí ó dára jù níbi gbogbo. Èyí tí ó wúwo ju kì í ṣe èyí tí ó ń yé jù dandan.

A gbọ́dọ̀ yin iṣẹ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan pẹ̀lú. FUNAAB Alpha kì í ṣe adìẹ ẹ̀yìnkùlé ìyá wa. Ọmọ rẹ̀ ni. Bí ọmọ yìí bá ṣe àṣeyọrí tó, tí gbogbo abúlé sì gbà á, ó lè lé ìyá rẹ̀ jáde nílé. Nígbà tí àrùn tuntun bá wá dé, tàbí tí ooru bá pọ̀ sí i, tí a sì nílò àbùdá kan tí a kò mú sínú ọmọ náà, níbo ni a ó ti padà lọ mú un? Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi fẹnu kò ní Interlaken, ilẹ̀ Switzerland, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, pé àtúnṣe ẹran ọ̀sìn àti ìdáàbòbò ìran ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ máa rìn.

Ọ̀nà ìmọ̀ ẹ̀rọ tún wà. A kò lè gbé ẹyin adìẹ sínú yìnyín kí ó tún pa lẹ́yìn náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ní Edinburgh ṣe ni pé wọ́n mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ẹyin tàbí àtọ̀ láti inú ọlẹ̀ adìẹ, wọ́n sì gbé wọn pamọ́ sínú òtútù. Ní ọdún 2019, wọ́n fi hàn pé àgbébọ̀ tí a ti sọ di àgàn lè gba irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, kí ó sì yé ẹyin ìran adìẹ mìíràn tí ó ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Síbẹ̀, adìẹ inú òtútù kò mọ̀ bí a ti ń jẹ̀, àrùn tuntun kò sì lè kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ẹ̀kọ́ adìẹ.

8.0 Ìṣirò Akùkọ àti Àgbébọ̀

Bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí agboolé kan bá fẹ́ sin abólọ́rùn kí ó má baà tán, iye adìẹ nìkan kọ́ ni kí ó kà. Ìdajì àbùdá ọmọ ń ti ọ̀dọ̀ akùkọ wá. Bí akùkọ bá ṣọ̀wọ́n, gbogbo ọmọ yóò di ọmọ bàbá kan náà, ìran kejì yóò sì máa gun ẹbí ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń ṣe ìṣirò yìí báyìí: kí a fi iye akùkọ lọ́po iye àgbébọ̀, kí a fi 4 lọ́po ohun tí ó jáde, kí a sì pín in pẹ̀lú àròpọ̀ akùkọ àti àgbébọ̀. Èsì rẹ̀ ni iye tí agbo náà tó ní òtítọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú agbo tí ó ní akùkọ 2 àti àgbébọ̀ 20. Méjì lọ́nà ogún jẹ́ 40. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 160. Bí a bá pín in sí 22, ó jẹ́ 7 àti díẹ̀. Bí ojú tilẹ̀ rí adìẹ 22, agbo adìẹ 7 ni a ń sìn. Bí a bá fi akùkọ 3 kún un, kí akùkọ jẹ́ 5, iye náà yóò fò sókè sí 16. Àjọ FAO dámọ̀ràn pé kí iye yìí má ṣe dín sí 50. Àjọ náà tún ka ìran kan sí èyí tí ó wà nínú ewu ńlá bí àgbébọ̀ tí ń bí bá jẹ́ 100 tàbí kí wọ́n dín, tàbí tí akùkọ bá jẹ́ 5 tàbí kí wọ́n dín.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò lè dá gbé 50. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá bá ní agbo kéékèèké, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ akùkọ láàárín ara wọn ní ọdọọdún, agbo kan ni gbogbo wọn jọ ń sìn. Bí lúkúlúkú bá kọlu ọ̀kan, mẹ́sàn-án kù.

9.0 Iṣẹ́ Olùkọ́

Ohun mẹ́rin ni a rò pé ó wà ní ìkáwọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́.

(i) Kí olùkọ́ èdè Yorùbá máa fi adìẹ hàn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bí a bá ń kọ́ òwe tí ó kan òpìpì, kí akẹ́kọ̀ọ́ rí òpìpì, tàbí àwòrán rẹ̀ ó kéré tán.

(ii) Kí a rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà orúkọ gbogbo oríṣìí adìẹ tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bí ẹ̀ka èdè àdúgbò wọn ṣe ń pè é. Orúkọ Ìjẹ̀bú lè yàtọ̀ sí ti Èkìtì tàbí ti Ìgbómìnà, ìyàtọ̀ náà sì ni ọrọ̀ wa.

(iii) Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní ilẹ̀ sin agbo kékeré, kí wọ́n sì gba àjẹsára lúkúlúkú déédéé. Ìṣirò tí a ṣe lókè yìí wúlò fún kíláàsì ìṣirò náà.

(iv) Kí olùkọ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìbẹ̀rù tí ó yí adìẹ oníyẹ̀ẹ́ àrà ká. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí ọrùn fi bó kò ní sá fún abólọ́rùn mọ́, kò sì ní tà á nítorí ojú aládùúgbò.

10.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú pépà yìí, a ti fi hàn pé òpìpì, aṣa àti abólọ́rùn kì í ṣe adìẹ aláìsàn tàbí ọ̀rọ̀ inú òwe lásán. Wọ́n jẹ́ ìran adìẹ tí ara wọn mọ ooru ilẹ̀ yìí, tí ó ń fún ilé ní ẹyin àti ẹran, tí ó sì ń bí ara rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ òkè òkun. A ti sọ pé FUNAAB Alpha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ èrè ìwádìí tí ó yẹ kí a yangàn fún, ṣùgbọ́n pé èrè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a sọ gbòǹgbò rẹ̀ nù. Akùkọ tí ó pọ̀ tó, àjẹsára tí ó dé lásìkò, àti ọmọ tí ó mọ orúkọ adìẹ ni ohun mẹ́ta tí ìdáàbòbò yìí dúró lé. Àwọn onímọ̀ ní Abẹ́òkúta àti Vom lè pèsè èkínní àti èkejì. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ wa.